Ìka Mi Ló Tẹ Ìpolówó Náà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yìí máa lọ. Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí nìyẹn, kì í ṣe pé mo ní ìròyìn gidi kan láti kọ.

Àkọ́bí ti bá Àbíkẹ́yìn, àbúrò rẹ̀, wá iṣẹ́ sí ìlú òkèèrè tí òun náà wà, iṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n sì fún un di òpin oṣù keje kó fi dá wọn lóhùn. Àárín abọ́ fífọ̀ ni Àbíkẹ́yìn ti sọ ọ́ fún mi, ó kẹ̀yìn sí mi. "Màmá, bí ìkànnì yìí ò bá lè bọ́ ara rẹ̀ kí oṣù keje tó parí, mo máa tì í pa ni, mo máa lọ bá Bọ̀ọ̀dá mi."

Mo ní kò burú. Kò burú kẹ̀! Ẹnu lásán ni.

Ọdún mẹ́rin ni òun àti Onígíláàsì, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé, ti fi ń kọ́ aráyé ní èdè méje lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ayélujára wọn, láti yàrá ẹ̀yìn ilé mi. Ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀. Ìpolówó tó ń jáde lórí ìkànnì náà ló yẹ kó máa gbọ́ bùkátà rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ.

Òjò ṣú, kò rọ̀. Gáàsì ti tún gbówó lórí. Àkọ́bí pè ní àná, ikọ́ rẹ̀ yẹn ò tíì lọ. Ó ní kì í ṣe ikọ́, pé òun kàn ń tún ọ̀fun ṣe ni. Ta ló ń tún ọ̀fun ṣe láti oṣù kẹrin?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo bi wọ́n pé kí ni mo lè bá wọn ṣe. Onígíláàsì wo Àbíkẹ́yìn, Àbíkẹ́yìn wo àjà. Mo ní kí wọ́n yé wo àjà, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gba ìpolówó lórí káńtà ilé ìwé ìròyìn, èmi ni mo ń sọ ibi tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ máa wà àti ibi tí ẹni tó ń wá ìyàwó máa wà.

"Màmá, tiwa kì í ṣe bébà."

"Ojú tó ń kà á ńkọ́? Ṣé òun náà ti di nǹkan míì?"

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n wá fún mi níṣẹ́: kí n máa ṣe ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ lórí fóònù mi, kí n máa kọ ìpolówó tí mo bá rí sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tó bá rìn, àti ibi tó dúró sí. Mo bi í pé báwo ni ìpolówó ṣe ń di owó.

"Ilé-iṣẹ́ tó ń pín in ló ń san án fún wa. Bí èèyàn bá kàn wò ó lásán, bíńtín ni. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ni owó wà, Màmá."

Mo fa ìlà sábẹ́ ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀kọ́ Kìn-ín-ní, Ìkíni. Ìpolówó: oògùn orúnkún. Ó dúró sáàárín ìbéèrè àti ìdáhùn.

Ẹ̀kọ́ Kejì, Ẹbí Mi. Ìpolówó: lọ́yà tó ń tú ìgbéyàwó ká. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "ìyá mi" àti "bàbá mi", lọ́yà ní kí n wá, òun á bá wa pín dúkìá. Ọkọ tí à bá jọ pín in ti wà nínú sàréè láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ̀kọ́ Kẹta, Oúnjẹ. Ìpolówó: oògùn tó ń mú èèyàn rù. Orúnkún tún wà lókè rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Kẹrin, Eré Ọmọdé. Ìpolówó: tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo fẹ́ tẹ ìdáhùn kejì. Kí ìka mi tó balẹ̀, ìpolówó ti já wọlé láti òkè, ó ti ti ìdáhùn lọ sísàlẹ̀, oògùn orúnkún ni mo tẹ̀. Ó gbé mi dé ìsọ̀ wọn. Nígbà tí mo fi máa padà, ẹ̀kọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bínú débi pé mo bá fóònù wí.

Kì í ṣe èmi nìkan. Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé sí wọn: "Ìsinmi ààbọ̀ wákàtí ni mo ní. Mo fẹ́ kọ́ èdè yìí kí n lè bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn ún. Ìpolówó yín ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ẹ ṣàánú mi." Àbíkẹ́yìn kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dojú kọ̀ǹpútà dé.

Mo sọ fún wọn ohun tí ọ̀gá wa lórí káńtà máa ń sọ: àlejò tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà, onílé fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ lù ú. Ẹ fún ìpolówó ní àga, kó jókòó síbì kan, kó yé dúró sẹ́nu ọ̀nà. Onígíláàsì ní kí n tún un sọ. Ó kọ ọ́ sára ògiri, lókè àwọn òfin tiwọn tó ti wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá lọ sí ilé ìdáná ni mo ń kà á. Kò burú fún ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Wọ́n ti gbé e. Ẹyọ ìpolówó kan ṣoṣo ló kù nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan báyìí, ó sì wà lẹ́yìn tí èèyàn bá ti gba máàkì rẹ̀ tán. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ dè é, kò lè ti ẹnikẹ́ni mọ́. Àbíkẹ́yìn jà fún méjì. "Mẹ́ta ló wà tẹ́lẹ̀, Màmá!"

"Ẹyọ kan tí wọ́n fara balẹ̀ wò sàn ju mẹ́ta tí wọ́n ń sá fún."

Òjò rọ̀ láti àárọ̀. Aṣọ ò gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ojú tì mí lónìí.

Mo gbé àkọsílẹ̀ mi fún wọn: oògùn orúnkún, ìgbà mẹ́tàdínlógún láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní ìkànnì wọn ti di ilé olóògùn. Àbíkẹ́yìn ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó ń ta oògùn. Onígíláàsì wá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Màmá, ṣé orúnkún ń dùn yín?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ṣé ẹ ti wádìí ẹ̀ rí lórí fóònù yìí?"

Mo wádìí ẹ̀. Lóṣù kẹrin, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìfowópamọ́.

"Kì í ṣe ìkànnì ló fà á, Màmá. Ẹ̀yin ni ìpolówó ń tẹ̀ lé kiri. Ẹlòmíì, nǹkan tó kan òun ló máa rí."

A sá lọ yá fóònù Aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì. Tirẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ àti irun àtọwọ́dá ló kún ibẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, irun yẹn, ẹ má wò ó," ó ní, ó gba fóònù rẹ̀ padà. Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ti wù kí ó rí, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti tẹ́tẹ́ àti lọ́yà síta. Orúnkún, tèmi ni, kó máa tẹ̀ lé mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìpolówó kúrò láàárín ẹ̀kọ́, iye ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti já wálẹ̀. Onígíláàsì ní àṣìtẹ̀ ló pọ̀ nínú ti tẹ́lẹ̀, pé ká ní sùúrù, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dìídì tẹ̀ ẹ́ ni.

"Àṣìtẹ̀ yẹn náà ló ń gbọ́ bùkátà," Àbíkẹ́yìn wí. Ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ibi tí mo ní kí wọ́n gbé e sí ló fà á. Àkọ́bí tún pè: ṣé ó ti pinnu? Wọ́n fẹ́ mọ̀. Ó húkọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, mo ṣí ẹ̀kọ́. Mo gba máàkì mi. Ìpolówó dé, mo tẹ̀ ẹ́. Ìgbà méjìlá: orúnkún méje, bàtà mẹ́ta, ilé ìwé awakọ̀ méjì. Kò le rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ogún láàárọ̀, ogún lọ́sàn-án. Àtàǹpàkò ń ro mí. Mo lọ bá Aránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí la ń tẹ̀ ẹ́ fún gan-an?"

"Kí ọmọ mi má bàa lọ."

Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ ìpolówó. Nígbà tó yá, ó ní ṣé mo rí i, bọ́tìnnì tí òun fẹ́ rà wà níbẹ̀, òun máa rà á. Mo ní kó má rà á o, kó ṣáà tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó ti gòkè! Àbíkẹ́yìn sáré jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó fò mọ́ mi lọ́rùn, ó gbé mi yí, èmi àti orúnkún mi. "Màmá, ibi tí ẹ ní ká gbé e sí yẹn ti ń ṣiṣẹ́! Ọ̀gá lẹ jẹ́!" Ó ń jó nínú ilé ìdáná, ṣíbí lọ́wọ́. Onígíláàsì kò jó. Ó ń wo nọ́ńbà, ó ní ó yà òun lẹ́nu bó ṣe yára tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní òun máa kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n òun, pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ sí i fún òun.

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo ni mo ti gbọ́ kí ọmọ yìí kọrin kẹ́yìn? Mo lọ jókòó sínú yàrá mi, mo tẹ mẹ́wàá sí i.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀njọ́

Ọgọ́ta. Òjò. Ojú ń ta mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Wọ́n ti dá wọn dúró.

Lẹ́tà náà dé láàárọ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó ń pín ìpolówó. Àbíkẹ́yìn kà á sókè fún wa. Wọ́n ní ìtẹ̀kutẹ̀ wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹni tó nílò ọjà, pé ojú kan náà ló ti ń wá. Wọ́n ti ti àkáǹtì. Gbogbo èyí tó wọlé ní oṣù tó kọjá, wọ́n ti dá a padà fún àwọn tó ni ìpolówó.

"Àdúgbò yìí ni," Onígíláàsì wí. Ó ti rí i lórí kọ̀ǹpútà.

Àbíkẹ́yìn yíjú sí i. "Ìwọ lo máa ń dán an wò."

"Èmi?"

"Ta tún ni? Èmi?"

"Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sára ògiri yẹn! Lọ kà á!"

Èmi ni mo lọ kà á. Ọ̀rọ̀ mi wà lókè, àlejò àti ẹnu ọ̀nà. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: ẸNIKẸ́NI NÍNÚ ILÉ YÌÍ KÒ GBỌDỌ̀ TẸ ÌPOLÓWÓ WA. Oṣù kan ni mo ti ń kọjá níwájú ògiri yẹn. Ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ni mo ń kà.

Onígíláàsì gbé báàgì rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, ó kí mi pé ó dàbọ̀, Màmá. Ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

N kò tíì sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

N kò tíì sọ. Aránṣọ wá, ó ní ọwọ́ òun ti dilẹ̀, ṣé ká máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ní kó máa lọ sílé. Ó ní kí ló dé tí mo rí báyìí. Mo ní orúnkún ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Mo ti sọ ọ́.

Òjò ń ṣú, ó ń ká aṣọ lórí okùn. Mo di etí aṣọ ibùsùn kan mú, òun di ìkejì mú, a jọ ń ká a.

"Kì í ṣe ọmọkùnrin yẹn," mo ní. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́."

Ó dúró. Aṣọ náà fẹ̀ láàárín wa.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tó o ti fọwọ́ lẹ́rán. Mo rò pé bí ó bá ti ń bọ́ ara rẹ̀, o ò ní í lọ mọ́."

Kò bú mi. Ì bá jẹ́ pé ó bú mi ni. Ó ní, "Mo jó lójú yín, Màmá. Mo gbé yín yí. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n máa jó."

Ó wá rìn bọ̀ wá bá mi, ó gba etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi, ó ká ìyókù fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Kò bá mi sọ̀rọ̀, ó kàn ń kí mi ni. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìkíni tó dùn jù ló tún ta mí jù.

Mo lọ sí ilé Onígíláàsì. Àjà kẹta. Mo sinmi ní kejì. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú.

"Màmá, ẹ jókòó ná. Àtẹ̀gùn yẹn ò dáa."

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Oògùn orúnkún ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n tẹ̀." Ó fún mi lómi. "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa fẹ́ sọ ọ́."

Ọjọ́ márùn-ún ló fi gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ ẹlòmíì. Mo sunkún níbẹ̀, n kò parọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ti padà wá. Àbíkẹ́yìn bẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ wọn láti ilé ìdáná. Wọ́n ní àwọn máa kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ náà.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, Màmá?" Onígíláàsì bi mí. "Bó bá ṣe ẹgbẹ̀rún, kẹ́ ẹ sọ."

Mo wọlé lọ gbé ìwé yìí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀, ohun tí ìpolówó náà ń tà. Mo ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá, láìka ti Aránṣọ.

"Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?"

"Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ káńtà, kì í jẹ́ kí ìpolówó kan kọjá láìkọ ọ́."

Àbíkẹ́yìn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jọ pé ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. Wọ́n ya fọ́tò àwọn ojú ìwé náà. Mo fi ọwọ́ bo ibi tí n kò fẹ́ kí wọ́n kà. Èmi fúnra mi ni mo máa kọ lẹ́tà náà: pé èmi ni, pé àwọn ọmọ ò mọ̀, pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Èsì dé. Wọ́n dúpẹ́ pé a sọ òtítọ́. Ìpinnu wọn ò yí padà.

Gbólóhùn mẹ́ta péré. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ tèmi.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá," Àbíkẹ́yìn wí, ó lọ sùn ní ọ̀sán gangan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo wọ bàtà tí mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Ó ti fún mi lẹ́sẹ̀. Mo lọ bá Bàbá Oníwèé ní ìsọ̀ ìwé rẹ̀, pé kó wá sanwó polówó lórí ìkànnì wa.

"Ìyá, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ayélujára."

"Ẹ ò ní láti mọ̀ ọ́n. Àwọn wo ló ń ra ìwé atúmọ̀ èdè lọ́wọ́ yín?"

"Akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà kan rí."

"Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba máàkì, tí ọ̀rọ̀ tuntun mọ́kànlá ń dà wọ́n láàmú, orúkọ yín ni kí wọ́n rí, kì í ṣe ti olóògùn."

"Ṣé wọ́n máa tẹ̀ ẹ́?"

"Bàbá, ẹ má bi mí léèrè ọ̀rọ̀ títẹ̀."

Kò mọ ìdí rẹ̀, ó ṣáà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Mo yọ bíi pé káńtà ni mo padà sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Onígíláàsì ní òun lè ṣe é kó jẹ́ pé ará ìlú yìí nìkan ló máa rí ìpolówó ìlú yìí. Ẹ̀kọ́ Kọkànlá, Ìwé Kíkà: Bàbá Oníwèé. Ẹ̀kọ́ Kẹtàlá, Aṣọ: Aránṣọ, ó bá mi dúnàádúrà bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá, Ìwé Ìrìnnà: ayàwòrán tó ń ya fọ́tò pélébé. Ilé ìwé awakọ̀ náà ti gbà.

Ilé ìwé awakọ̀ ni Àbíkẹ́yìn fẹ́ fi sí Ẹ̀kọ́ Kejìlá, Ní Ilé Ìwòsàn, nítorí pé ibẹ̀ ló ṣófo. Mo ké tòò. Mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un: ọdún kejì mi lórí káńtà, mo fi ìpolówó oníbẹ́ẹ̀dì sábẹ́ ìkéde òkú. "Sùn sórí tiwa, o ò ní í fẹ́ jí mọ́." Àwọn ọmọ olóògbé kó ara wọn wá bá mi, mẹ́fà ni wọ́n, gbogbo wọn wọ dúdú.

Àbíkẹ́yìn forí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni.

"Màmá," ó ní nígbà tó gbórí sókè, "ẹ̀yin gan-an!"

Ó ti bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ó mú àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní àwọn tó ń ṣe ẹ̀kọ́ parí ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po méjì láti ìgbà tí ìpolówó ti kúrò lọ́nà. Àwọn tí mo mú wá ti tó gbọ́ bùkátà ìkànnì náà, wẹ́kú.

"Ó ń bọ́ ara rẹ̀," mo ní.

"Ó ń bọ́ ara rẹ̀, Màmá. Kò lè bọ́ èmi." Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ gan-an. "Mi ò ní í tì í pa. Ṣùgbọ́n mo máa lọ. Ẹ̀yin àti Onígíláàsì ni kẹ́ ẹ máa bójú tó o."

Mo ní kò burú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ

Ó lọ. Ọkọ̀ ò pẹ́ rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo da lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ sí i lónìí kọ síbí, bí a ti máa ń ṣe lórí káńtà.

*Ọmọ mi,*

*Mo ń rò ó bóyá o jẹun. Àwọn ìlú ńlá yẹn, èèyàn lè gbàgbé oúnjẹ níbẹ̀. Bá mi wo ọ̀fun ẹ̀gbọ́n rẹ pẹ̀lú ojú ara rẹ, má gbọ́ tẹnu rẹ̀.*

*Bàbá Oníwèé fẹ́ kúrò ní Ẹ̀kọ́ Kọkànlá lọ sí Ìkíni, ó ní ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí. Mo ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, kí ló fẹ́ fi ìwé atúmọ̀ èdè ṣe? Ó ti gbà. Nọ́ọ̀sì yẹn kọ̀wé: ó parí Ní Ilé Ìwòsàn nínú ìsinmi kan ṣoṣo, ó bi aláìsàn pé níbo ló ń dùn ún, obìnrin náà sì rojọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó ní òun gbọ́ "ẹ̀yìn", òun gbọ́ "àárọ̀", ìyókù kọjá òun.*

*Mo ní kí Onígíláàsì pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́ lórí ògiri, kó tún un kọ sísàlẹ̀ pátápátá. Òfin yín ló wà lókè báyìí. Mo ń kà á kí n tó wọ ilé ìdáná.*

*Èdè tí wọ́n ń sọ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti dé Ẹ̀kọ́ Kẹfà. Bí mo bá gba máàkì mi tán, mo máa ń ká ọwọ́ mi sẹ́yìn.*

*Ohun kan ló kù. Ìsàlẹ̀ Ẹ̀kọ́ Kọkàndínlógún, Ìdágbére, ṣì ṣófo. Ẹni tó ń ta àpò ìrìn-àjò ti bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ mi ò gbé e. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí káńtà, mi ò rí àyè kan tí mi ò mọ ẹni tó yẹ ibẹ̀ rí. Ìwọ ni kó o sọ ẹni tí a máa fi síbẹ̀ fún mi, tàbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní í fọwọ́ kàn án títí màá fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ.*

*Jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé sí mi.*